Ta ló ti fi igi, ìwo tàbí idẹ ṣe ìdérí bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù rí? Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọAgbẹ́gilére (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Agbẹ́gilére ni bàbá mi àgbà. Nígbà tí wọ́n lọ sinmi, a bá àpótí kan lábẹ́ ibùsùn wọn tó kún fún àjẹkù igi: ìrókò, apá, ọ̀mọ̀, àti igi dúdú kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn ará ilé ní ká fi dáná. Mo ní rárá. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo fi ń jẹun, orí kíbọ́ọ̀dù ni ọwọ́ mi ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Ó wá wù mí kí n fi igi yẹn ṣe ìdérí àwọn bọ́tìnnì mi, kí ọwọ́ mi máa kan ohun tí ọwọ́ wọn ti kàn.

Mo ti gbìyànjú ẹyọ kan. Mo gé ìrókò ní igun mẹ́rin, mílímítà 18 níbùú, 18 lóòró. Mo fi dírílì lu ihò sí abẹ́ rẹ̀, mo fi ọ̀bẹ kékeré gbẹ́ ihò náà bí àmì àròpọ̀ (+) kó lè wọ orí suwíìṣì, ẹ̀rọ kékeré tó wà lábẹ́ bọ́tìnnì. Ó kọ̀, kò wọlé. Mo bá fi àtẹ́lẹwọ́ tì í, ó wọlé ṣinṣin. Ìgbà tí mo ní kí n yọ ọ́ ni mo gbọ́ "pá": ọ̀pá suwíìṣì ti kán sínú igi. Lẹ́tà N ni. Kíbọ́ọ̀dù tèmi sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó suwíìṣì rẹ̀ mọ́ pátákó, kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń fọwọ́ fà yọ. Inú mi bàjẹ́ gan-an.

Ibo ni mo ti ṣì í ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ sì ti fi nǹkan mìíràn ṣe é, ìwo, idẹ, èèpo àgbọn, ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ ọ́ síbí, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i kà.

KáfíńtàỌ̀yọ́

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára. Ẹ ṣeun tí ẹ ò jẹ́ kí wọ́n dáná igi yẹn.

Igi ni mo mọ̀, òun náà ni màá sọ. Gbogbo igi ló ní ọ̀nà tó ń là sí. Bí ẹ bá gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀, ohun tó kù láàárín ihò àti ìta kò nípọn rárá. Bí ẹ bá fi agbára tì í, ó máa là. Bí kò bá là, á fún ọ̀pá yẹn lọ́rùn, bó ṣe ṣe sí tiyín. Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tún wà níbẹ̀. Igi ń wú lásìkò òjò, ó ń sún kì bí ọyẹ́ bá dé. Ihò tó wọ̀ rẹ́gí lóṣù kẹjọ kò ní rí bẹ́ẹ̀ mọ́ lóṣù kìíní. Nítorí náà, ẹ má fi igi ṣe ẹsẹ̀ ìdérí, ìyẹn ibi tó ń wọ orí suwíìṣì. Kí ẹsẹ̀ jẹ́ ike, kí igi jẹ́ orí.

Nínú igi tí ẹ dárúkọ, apá ni màá kọ́kọ́ mú. Kò fi bẹ́ẹ̀ ń wú tàbí sún kì bíi ti ọ̀pọ̀ igi, ó le, ó sì ń dán. Ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé ó ní àwọ̀ yẹ́lò kan nínú tó máa ń jáde bí omi bá kàn án. Òógùn ìka lè fà á jáde sórí aṣọ yín, nítorí náà ẹ fi fáníìṣì dí i dáadáa. Ìrókò náà dára, àmọ́ òkúta máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà míì, funfun, ó le bíi sìmẹ́ńtì tó dì. Ayùn tí mo pọ́n láàárọ̀ ti kọlù ú rí, eyín rẹ̀ mẹ́rin ló kú. Ẹ gbé igi náà sójú oòrùn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gé e. Ọ̀mọ̀ rọ̀, ìlù ni wọ́n ń fi gbẹ́. Èékánná á máa sàmì sí i lára. Ẹ fi kọ́ ọwọ́ nìkan. Ní ti igi dúdú yẹn, ẹ ju ègé kékeré kan sínú omi. Bó bá rì, igi tó wúwo tó sì ṣọ̀wọ́n lẹ ní yẹn, ẹ má fi ṣòfò.

Ìbòmú ńkọ́? Eruku ìrókò kì í ṣe ohun àmúṣeré. Ó ń fa ìsín, ara yíyún àti ikọ́, bó bá sì ti mọ ara èèyàn lẹ́ẹ̀kan, ara ò ní gbà á mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan níṣọ́ọ̀bù ò lè wọ yàrá tí wọ́n ti ń la ìrókò mọ́ báyìí. Ẹ wọ ìbòmú tó dí, kì í ṣe aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́.

AráPeckham

Ẹ má bọkàn jẹ́ lórí N yẹn. Ẹ gbé kíbọ́ọ̀dù náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún rédíò ṣe, kó yọ́ lẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́sẹ̀ suwíìṣì náà méjèèjì, kó fi tuntun síbẹ̀. Ẹyọ suwíìṣì kan kò wọ́n.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n káfíńtà sọ ni kókó ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n fi ìwọ̀n kún un. Àmì àròpọ̀ tí ẹ rí lórí suwíìṣì yẹn, ilé iṣẹ́ Cherry ní Jámánì ló gbé e jáde nínú suwíìṣì MX wọn ní àwọn ọdún 1980. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn bíi Gateron, Kailh àti Outemu ń ṣe irú rẹ̀ báyìí, ìdí nìyẹn tí ìdérí kan fi lè wọ gbogbo wọn. Apá kọ̀ọ̀kan àmì náà gùn tó nǹkan bíi mílímítà 4, ìnípọn rẹ̀ wà láàárín 1.1 sí 1.3. Bí ihò bá fi ìdá mẹ́wàá mílímítà kan ṣoṣo kéré jù, á fún. Bó bá fi bẹ́ẹ̀ tóbi jù, á máa mì. Ọwọ́ tó di ọ̀bẹ kò lè gbẹ́ ìyẹn sínú igi kó sì rí bákan náà ní ìgbà ọgọ́ta. Láti àárín bọ́tìnnì kan sí àárín èkejì jẹ́ mílímítà 19.05, torí náà 18 tí ẹ gé yẹn tọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ṣé ẹ gbẹ́ inú rẹ̀ jáde? Suwíìṣì MX ń rìn wálẹ̀ ní mílímítà 4. Bí abẹ́ igi bá dí, á gúnlẹ̀ sí èjìká suwíìṣì kí ó tó rìn dé ìsàlẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni mo mọ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Àkọ́kọ́, ẹ ra ìdérí ike PBT tí kò ní lẹ́tà lórí, irú èyí tí gbogbo ìlà rẹ̀ ga bákan náà (DSA tàbí XDA ni wọ́n ń pè é), kó má baà jẹ́ pé ẹ ó máa wá èyí tó bá ìlà kọ̀ọ̀kan mu. Ẹ tẹ́ sáńpépà 120 sórí gíláàsì, ẹ da ojú ìdérí náà dé e, ẹ máa fà á ní róbótó títí ojú rẹ̀ tó rì díẹ̀ á fi tẹ́jú. Ẹ ṣe pẹ̀lẹ́, orí ìdérí kì í ju mílímítà kan àbọ̀ lọ ní ìnípọn. Bí ẹ bá fà á jù, ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ láti inú. Lẹ́yìn náà ẹ lẹ pátákó igi tó nípọn tó mílímítà 3 mọ́ ọn. Èkejì ni kí ẹ gbẹ́ igi náà ní odidi, kí inú rẹ̀ ṣófo, kí ẹ wá fi ayùn wẹ́wẹ́ gé ẹsẹ̀ róbótó tó wà nínú ìdérí ike àtijọ́, ẹ lu ihò róbótó sínú igi, ẹ lẹ ẹsẹ̀ náà sínú rẹ̀. Ihò róbótó rọrùn fún dírílì. Ohun tó ṣòro, ẹ fi í sílẹ̀ fún ike tí ẹ̀rọ ti bá yín ṣe.

Bọ́tìnnì láptọ́ọ̀pù kò rí báyìí o. Ìkọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló di tiwọn mú. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

ỌmọAgbẹ́gilére

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mi ò gbẹ́ inú rẹ̀ rárá, odidi ni. Ó ti wá yé mi.

Ìbéèrè méjì ló kù. Irú gúlù wo? Ṣé mo sì lè fi òrí pa igi náà dípò fáníìṣì? Òrí ni bàbá mi fi ń pa ère wọn kó lè máa dán.

ÌyáKíbọ́ọ̀dù (Èkó)

Ọmọ mi, ẹ kú ọ̀rọ̀ bàbá. Ogún ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní títẹ̀wé, láti ìgbà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onírin.

Ọ̀rọ̀ gúlù, èmi náà ti fojú rí i. Mo ń lẹ ègé èèpo àgbọn mọ́ ìdérí lẹ́tà A, mo rò pé yóò rọrùn bí ìdérí bá jókòó sórí kíbọ́ọ̀dù. Súpà gúlù ni mo lò. Ẹ̀kán kan ṣoṣo ló ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Mi ò tilẹ̀ rí i. Nígbà tó di ọ̀sán, A kò lọ sísàlẹ̀ mọ́, ó dúró bí òkúta, èéfín gúlù náà sì ti fi funfun bò àwọn bọ́tìnnì mẹ́ta tó yí i ká. Láti ọjọ́ náà, orí tábìlì ni mo ti ń lẹ nǹkan, jìnnà sí kíbọ́ọ̀dù, màá sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Gúlù alápá méjì, irú èyí tí mẹkáníìkì ń pò pọ̀, òun ló dára jù. PBT kì í tètè gba gúlù, torí náà ẹ fi sáńpépà ha ojú rẹ̀ kó rí págunpàgun, ẹ fi ọtí spírítì nù ún, kó gbẹ, kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ ọ̀nà kejì ti AráPeckham ni ẹ fẹ́ lò, ẹ wá suwíìṣì kan tó ti bàjẹ́, ẹ fi fásẹ̀lín díẹ̀ kùn ún lórí, ẹ ki ẹsẹ̀ ike bọ̀ ọ́, kí ẹ wá da ìdérí igi dé e pẹ̀lú gúlù. Suwíìṣì yẹn á jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà dúró ṣánṣán, fásẹ̀lín ò sì ní jẹ́ kí gúlù mú un. Ẹsẹ̀ tó bá wọ́ síbì kan, ìdérí rẹ̀ á máa rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú á rí i, ìka náà á mọ̀ ọ́n.

Ẹ má gbàgbé kókó orí F àti J. Ọmọ tí mo kọ́ dáadáa kì í wolẹ̀, kókó yẹn ló ń júwe ilé fún ìka. Bí ẹ bá fi igi tẹ́jú bo méjèèjì, ọwọ́ yín á ṣìnà.

KáfíńtàỌ̀yọ́

Lórí òrí: ère tí èèyàn kàn ń wò yàtọ̀ sí ohun tí ìka ń kàn lẹ́gbẹ̀rún ìgbà lójúmọ́. Òrí kì í gbẹ. Epo pupa náà kì í gbẹ. Á máa rin lábẹ́ ìka, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, tó bá pẹ́ á kan. Òróró línsíìdì ló ń gbẹ di awọ. Ẹ fi aṣọ pa á fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ tún pa á, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ kó ní ìdán tí bàbá fẹ́ràn, ẹ fi ìda oyin nù ún kẹ́yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: aṣọ tí ẹ fi pa òróró línsíìdì, ẹ má ká a jọ sí kọ̀rọ̀. Bó ṣe ń gbẹ ló ń gbóná, ó sì lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ pẹrẹsẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Oníwo

Ìwo màlúù ni mo ń lò. Mo ń gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń pa màlúù, wọ́n ń dà á nù ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ní sùúrù, kí aládùúgbò rẹ̀ náà sì ní.

Egungun wà nínú ìwo. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta, egungun á tú, ẹ ó fà á yọ. Òórùn rẹ̀ le, ẹ rẹ ẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ gé ìdí ìwo ní òrùka, ẹ la òrùka náà níbì kan, ẹ sè é nínú omi tó ń hó. Ìwo kò yàtọ̀ sí èékánná àti irun, ooru ń mú un rọ̀. Bẹ́ ẹ bá yọ ọ́ nínú omi, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ ní. Ẹ fi ẹ̀mú nà án, ẹ fi sáàárín irin pẹrẹsẹ méjì, ẹ de irin náà mọ́ra, ẹ fi sílẹ̀ títí á fi tutù pátápátá. Bí ẹ bá kánjú tú u, á tún ká padà bíi pé ẹ ò ṣe nǹkan kan.

Inú omi ni mo ti ń fi sáńpépà ha á, kí eruku má baà wọ imú mi: 240, 400, 800, títí dé 2000, lẹ́yìn náà Brasso lórí aṣọ rírọ̀. Ẹ gbé e sójú iná ìgbà náà. Dúdú rẹ̀ kì í ṣe dúdú. Ẹ ó rí ìlà àwọ̀ tíì, ìlà àwọ̀ oyin, àti ibì kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Kò sí méjì tó jọra wọn. Ìdérí Enter mi, mo máa ń dáwọ́ dúró wò ó.

Ìwo náà ń fa omi mu díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè ká sókè. Gúlù alápá méjì, kí ẹ sì de é mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì.

KáfíńtàỌ̀yọ́

A ti dán igbá wò níbí náà, torí àwọn tó ń fín igbá pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó fúyẹ́, fífín rẹ̀ sì rẹwà, àmọ́ inú rẹ̀ rọ̀ bíi fóòmù. Ẹ jẹ́ kí súpà gúlù tó ṣàn bí omi rin inú rẹ̀ kó le kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Bọ́tìnnì tí ẹ kì í sábà tẹ̀ ni kí ẹ fi í sí, Esc tàbí F12. Èèpo àgbọn le jù ú lọ fíìfíì, ìṣòro rẹ̀ kò ju pé ó tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, ègé kékeré nìkan ló ń tẹ́jú. Amọ̀ sísun, ẹ fi sílẹ̀. Ó ń sún kì nínú iná, ẹ ò sì ní mọ iye tó máa kù.

Asúdẹ

Mo kí gbogbo ilé. Iṣẹ́ idẹ ni wọ́n ń ṣe nílé wa, mo sì ti dà ìdérí mẹ́fà fún àbúrò mi tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Bí a ṣe ń ṣe é kò yàtọ̀ sí ti àwọn baba wa. Ẹ fi ìda mọ ìdérí náà, pẹ̀lú gbogbo ọnà tí ẹ bá fẹ́ lára rẹ̀. Ẹ fi ìda tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ojú ọ̀nà tí idẹ máa gbà wọlé. Ẹ fi amọ̀ kíkúnná bò ó, kó gbẹ, ẹ tún fi amọ̀ líle bò ó. Ẹ gbé e sínú iná, ìda á yọ́ jáde, àyè rẹ̀ á ṣófo, ẹ ó wá da idẹ yíyọ́ sínú rẹ̀. Idẹ ń fẹ́ ooru tó lé ní 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó yọ́, nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ ilé ìdáná. Ẹ wá asúdẹ tó mọṣẹ́, ẹ gbé ìda tí ẹ ti mọ fún un.

Ìka yín lẹ fi ń mọ ìda, àmì ìka sì máa ń wà lára rẹ̀. Àbúrò mi ní kí n má pa á rẹ́. Àmì àtàǹpàkò mi wà lórí bọ́tìnnì rẹ̀ títí dòní, gbogbo ìlà ibẹ̀ ló hàn.

Idẹ ń sún kì bó bá ń tutù. Díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn tó láti ba ihò àmì àròpọ̀ jẹ́. Ohun tí ẹ̀gbọ́n káfíńtà sọ nípa igi ló wà nídìí idẹ náà: ẹ lẹ ẹsẹ̀ ike sínú rẹ̀.

Ẹ tún wo ìwúwo. Idẹ wúwo ju ike lọ ní ìlọ́po mẹ́fà ó lé. Ìdérí ike tó jẹ́ gíráàmù kan àti díẹ̀ á di nǹkan bíi gíráàmù 8 bí ẹ bá fi idẹ dà á ní ìwọ̀n kan náà. Bí ẹ bá wá dà á ní odidi láìgbẹ́ inú rẹ̀, ó lè ju 20 lọ. Sípíríǹgì inú suwíìṣì pupa ti Cherry, agbára nǹkan bíi gíráàmù 45 ló ń tẹ̀ ẹ́. Ìdérí idẹ oní 20 ti gba nǹkan bí ìdajì rẹ̀ kí ìka tó débẹ̀. Bọ́tìnnì ò ní tètè gbéra padà, ẹni tó ń yára tẹ̀wé á sì máa rí lẹ́tà kan náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí kó pàdánù rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ògiri rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kí suwíìṣì abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí sípíríǹgì rẹ̀ le.

ỌmọÈkìtì

Ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n fi eyín erin ṣe wà nílé wa, ó ti là sí méjì tipẹ́. Ṣé a lè gé e fi ṣe ìdérí? Mo rí àwọn tó ń rà á lókè òkun.

AráPeckham

Àbúrò, ẹ fi í sílẹ̀ sílé bó ṣe wà. Láti ọdún 1989 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ti fòfin de òwò eyín erin láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí ibí, ní London, kọ́sítọ́ọ̀mù á gbà á, ẹ sì lè rí ẹjọ́ lórí rẹ̀. Ìpẹ́ akíka náà, ẹ má dán an wò. Bí ẹ bá fẹ́ ohun funfun, egungun màlúù ń bẹ: ẹ fi omi àti ọṣẹ ìfọbọ́ sè é kí ọ̀rá jáde, ẹ fi haidirojin pẹrọ́ksáìdì sọ ọ́ di funfun. Ẹ má lo bílíìṣì, á jẹ ẹ́ di ẹfun. Òfin eyín erin ò kan ìyẹn.

Ẹ tọ́jú ẹ̀gbà ọwọ́ yẹn fún àwọn ọmọ.

Aláró (Abẹ́òkúta)

Àdìrẹ ni tèmi. Mo ń gé aṣọ tó kù lẹ́yìn rírán, mo ń rì í sínú résìn ẹ̀pọ́sì, ohun olómi tó ń dì líle bíi gíláàsì, aṣọ á wà nínú bí ẹja nínú omi.

Àkọ́ṣe mi bàjẹ́. Funfun inú àdìrẹ pòórá, torí résìn sọ òwú funfun di ohun tí ojú ń là kọjá, ohun tó wà lábẹ́ ló wá hàn. Aró nìkan ló dúró. Mo wá ń fi gúlù funfun ti àwọn ọmọ iléèwé pa aṣọ náà níwájú àti lẹ́yìn, màá jẹ́ kó gbẹ, màá fi ọ̀dà funfun kun ẹ̀yìn rẹ̀ kí n tó rì í. Gúlù yẹn náà ló ń dí ojú aṣọ kí afẹ́fẹ́ má baà jáde láti inú rẹ̀ wá há sínú résìn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìlẹ̀kẹ̀ sínú rẹ̀, kó kọ́kọ́ fi résìn dí ojú ihò ìlẹ̀kẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú ihò yẹn ló ń sá jáde nígbà tí résìn bá ń dì.

Ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó pò ó. Òmíràn jẹ́ méjì sí ọ̀kan, òmíràn ọ̀kan sí ọ̀kan. Òmíràn ń ka ìwúwo, òmíràn ń ka bó ṣe kún tó. Òṣùwọ̀n àwọn tó ń ta góòlù ni mo ń lò. Bí ìwọ̀n bá ṣì, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ títí ayé. Nígbà òjò, ọ̀rá kan tó dà bí ìkùukùu máa ń hù lójú rẹ̀ bó bá ń gbẹ. Ẹ ṣe é nínú yàrá tó gbẹ, ẹ fi abọ́ ike bò ó. Résìn polyurethane tí àwọn ará òkè òkun ń lò, omi inú afẹ́fẹ́ Èkó á sọ ọ́ di ìfófòó, ẹ̀pọ́sì ló bá wa mu.

Ìbọ̀wọ́ náítíráìlì (nitrile) ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe rọ́bà dókítà. Ọ̀kan ni pé ó ń dáàbò bo awọ ara. Èkejì, imí ọjọ́ (sulfur) tó wà nínú rọ́bà yẹn kì í jẹ́ kí sílíkóònù tó dára tí a fi ń ṣe mọ́ọ̀dù gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣòfò sílíkóònù kí ẹnì kan tó là mí lóye.

Atẹ̀wé

Ẹ̀yin ará, lẹ́tà wo lẹ fẹ́ kọ sórí gbogbo iṣẹ́ ribiribi yìí?

Mo ń béèrè torí pé Yorùbá ni mo ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Lẹ́tà 25 ni a ní. A ò lo C, Q, V, X àti Z. Ìdérí márùn-ún nìyẹn tí kò ṣe nǹkan kan fún wa. Kí ni a wá ń wá kiri? Ẹ, Ọ, Ṣ, àmì òkè, àmì ìsàlẹ̀. Wọ́n jẹ́ márùn-ún géérégé. Mo fi Ẹ sí ojú Q, Ọ sí X, Ṣ sí Z, àmì òkè sí V, àmì ìsàlẹ̀ sí C. Lẹ́tà àtijọ́, mo kọ ọ́ wẹ́wẹ́ sí iwájú ìdérí, torí ímeèlì àti orúkọ àwọn ẹlòmíràn. Alt ọwọ́ ọ̀tún (AltGr) ni mo ń dì mú bí mo bá fẹ́ wọn.

Fún ẹni tó bá fẹ́ tò ó lórí Windows, Microsoft Keyboard Layout Creator ni mo lò. Ẹ, Ọ àti Ṣ ní nọ́mbà tiwọn nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà nínú kọ̀ǹpútà: kékeré wọn ni 1EB9, 1ECD, 1E63. Ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní àmì lábẹ́ tó tún ní àmì ohùn lórí kò ní nọ́mbà ẹyọ kan, torí náà ni mo fi ya àmì sọ́tọ̀ sí bọ́tìnnì tirẹ̀: 0301 fún òkè, 0300 fún ìsàlẹ̀. Ẹ tẹ lẹ́tà, kí ẹ tẹ àmì tẹ̀ lé e.

Lórí igi, mo fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kọ lẹ́tà mi. Àmì tó wà lábẹ́ Ẹ ni mo fi dírílì tíntín lu, mo fi ègé wáyà idẹ dí i, mo fi sáńpépà fà á kó tẹ́jú. Ó ń tàn bí ojú ẹyẹ.

ÌyáKíbọ́ọ̀dù

Ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀! Wáyà idẹ yẹn gan-an ni kí ẹ fi ṣe kókó F àti J, ọmọ mi. Kí ó yọ sókè díẹ̀.

ỌmọAgbẹ́gilére

Ẹ kú ìdúró o. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti kọ̀wé gbẹ̀yìn.

Baba tó ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò wa pààrọ̀ suwíìṣì N. Mo ra ìdérí ike funfun. Mo gé apá ní mílímítà 3, mo jẹ́ kí gbogbo ìlà igi kọjú sí ibì kan. Mo ba méjì jẹ́ nígbà tí mo ń fi sáńpépà fa ike, mo rí ìmọ́lẹ̀ bí AráPeckham ṣe wí. Ẹ̀kẹta dúró. Mo pa òróró línsíìdì sí i ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mo tẹ́ aṣọ náà sórí ọgbà. Ìyá mi bèèrè pé kí ni mo ń sá síbẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ gé igi dúdú yẹn, mo jù ú sómi, ó rì. Mo yí i padà kí n nù ún, mo rí ojú ọ̀bẹ mẹ́ta lára rẹ̀, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí bàbá ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ojú ère. Mi ò gé e mọ́. Mo fi ayùn wẹ́wẹ́ bó awẹ́ kan lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ọ̀bẹ ò dé. Ó tó ìdérí méjì. F àti J ni mo fi ṣe, wáyà idẹ wà lórí wọn.

Mo ti ní mẹ́sàn-án báyìí: A, S, D, F, J, K, L, N, àti Ẹ lójú Q. Mo gbé N lé kálípà láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́rin: mílímítà 18.1. Ẹ̀gbọ́n káfíńtà, ṣé kí n gé àwọn tó kù ní 17.8?

KáfíńtàỌ̀yọ́

Ẹ gé e ní 17.8.